Ọjọ́ Mẹ́sàn-án Tí Àǹtí Mi Fi Ojú Tọ́ Bisikíìtì Wò

Tí mo bá sọ iṣẹ́ tí àǹtí mi ń ṣe fáwọn èèyàn, wọ́n á ní irọ́ ni mò ń pa. Wọ́n ń sanwó fún un kó máa jẹ bisikíìtì. Ó tán. Kì í gbé nǹkan, kì í ti nǹkan, kì í lọ nǹkan. Á jókòó sórí àga kan báyìí, wọ́n á gbé àwo síwájú rẹ̀, á mú ọ̀kan, á gé e jẹ, á rún un díẹ̀, á tu ú sínú ike, á fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ yọnu, á sì mú bírò, á fa igi kan sínú ìwé. Ìlà méjì péré ló wà nínú ìwé yẹn: "Ó dáa" àti "Kò dáa". Kò sí "ó dáa díẹ̀". Kò sí "ẹ jẹ́ ká máa wò ó". Tó bá fa igi sábẹ́ "Ó dáa", àwa tá a wà nísàlẹ̀ lọ́dọ̀ ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kó páálí. Tó bá fà á sábẹ́ "Kò dáa", gbogbo ohun tí wọ́n yan nígbà yẹn, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ló ni ín.

Èmi náà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èmi ni mò ń fi kẹ̀kẹ́ agbẹ́rù gbé páálí sínú ọkọ̀, mo sì mọ̀ ọ́n wà ju gbogbo wọn lọ, ẹ má jẹ́ kí n máa yin ara mi. Ọ̀rọ̀ àǹtí mi la wà lórí ẹ̀.

Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti lò lórí àga yẹn. Kì í ṣe pé ó lọ kọ́ ọ níbì kankan o. Ilẹ̀ ló ń gbá. Lọ́jọ́ kan ó ń gbálẹ̀ nítòsí ibi tí bisikíìtì ti ń jáde látinú iná, ó mú èyí tó kán, ó sọ ọ́ sẹ́nu, ló bá dúró. Ó lọ bá fọ́máànù, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ti pààrọ̀ òróró." Fọ́máànù ní kó máa gbálẹ̀ ẹ̀ lọ. Ó gbálẹ̀ ẹ̀ lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kejì tí wọ́n yẹ ìwé wò, òótọ́ ni! Ẹni tó ń kó òróró wá ti gbé oríṣi míì wá, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n ṣe gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn.

Ahọ́n Wúrà là ń pè é lẹ́yìn. Tó bá ti yọjú, ó di "Mọ̀mí, ẹ káàárọ̀ mà." Ó sì ń tọ́jú ahọ́n yẹn bí èèyàn ṣe ń tọ́jú ọmọ tuntun. Láti Mọ́ńdè títí dé Sátidé, kò ní jẹ ata, kò ní jẹ àlùbọ́sà, kò ní mu tíì tó gbóná jù, kò ní fi ọṣẹ olóòórùn fọ ọwọ́. Ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn jẹ́ olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì, gbogbo èèyàn ló ń pè é ní Tíṣà, ìyàwó ẹ̀ náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Tíṣà fẹ́ràn ata débi pé á ti máa làágùn kó tó jókòó sídìí oúnjẹ. Ìkòkò méjì ló máa ń wà lórí iná wọn: ìkòkò ahọ́n àti ìkòkò Tíṣà. Wọn ò sì jà sí i rí.

Lápá òsì àga àǹtí mi, ọmọbìnrin kan máa ń jókòó síbẹ̀ tá à ń pè ní Tínrín. Tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, òpó lẹ máa kí. Igbákejì ni. Iṣẹ́ igbákejì ni kó máa tọ́ ọ wò, kó tu ú, kó yọnu, kó sì máa kọ́ṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ń bi í ní nǹkan kan, kò sì ní ìwé tó ń fagi sí. Ọdún mẹ́rin ló ti ń tọ́ nǹkan wò, tí kò ì lanu sọ̀rọ̀.

Ó wá di Mọ́ńdè kan, ọ̀fìnkìn mú àǹtí mi. Ọ̀fìnkìn lásán o, èyí tó ń mú gbogbo ayé. Imú dí. Ó dé orí àga, ó gé bisikíìtì àkọ́kọ́ jẹ, ó ní ó dà bíi pé òun gé páálí jẹ. Kò sí ṣúgà, kò sí iyọ̀, kò sí bọ́tà. Òfo.

Ṣé ẹ̀yin náà á ní, kí ló dé tí kò sọ? Ẹ dúró ná. Bàbá tó wà lórí àga yẹn ṣáájú ẹ̀, lọ́jọ́ tó ní ahọ́n òun ò fẹ́ẹ́ mọ iyọ̀ mọ́, wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n fún un ní aago ògiri, ó di àwátì. Àǹtí mi rí aago yẹn lójú ẹ̀. Ló bá dákẹ́.

Báwo ló ṣe wá ń fa igi? Imú Tínrín ló ń wò. Ó ti pẹ́ tó ti ṣàkíyèsí ẹ̀ pé tí bisikíìtì bá dáa, imú ọmọ yẹn á wà jẹ́ẹ́. Tí nǹkan kan bá kù díẹ̀ káàtó, imú á fún pọ̀ báyìí bíi ti ológbò tó gbóòórùn ọṣẹ. Tínrín fúnra ẹ̀ ò mọ̀ pé imú òun ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àǹtí mi á gé tiẹ̀ jẹ, á dijú bí ẹni tó ń ronú jinlẹ̀, á la ojú kan díẹ̀, á wo imú, á fagi.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko! Láti Mọ́ńdè yẹn títí di Wẹ́sìdé ọ̀sẹ̀ kejì. Lọ́jọ́ kẹrin, imú Tínrín fún pọ̀, àǹtí mi fagi sábẹ́ "Kò dáa", wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé ẹni tó po ìyẹ̀fun ti da sódà sí i lẹ́ẹ̀mejì. Máníjà wa mú àǹtí mi sọ̀ kalẹ̀ wá, ó pàtẹ́wọ́ fún un lójú gbogbo wa. "Ahọ́n Wúrà!" Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni máa pè é bẹ́ẹ̀ lójú ẹ̀. Èmi náà súfèé. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ẹ ṣeun.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdé, ọ̀fìnkìn lọ. Ó mu tíì láàárọ̀, ó mọ̀ pé tíì ni. Tíṣà ní ńṣe ló ń jó nínú kíṣìnnì.

Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, èmi àti màmá mi lọ jẹun ọ̀sán nílé wọn. Màmá mi ni àbúrò àǹtí mi, irun ló ń ṣe, ẹnu ẹ̀ sì mú ju sísọ́ọ̀sì ẹ̀ lọ. Yàrá ìjẹun wọn ò fẹ̀ rárá. Tábìlì kan, àga mẹ́rin, fèrèsé tó kọjú sí ògiri aládùúgbò, àti pátákó dúdú kan tí Tíṣà gbé kúrò níléèwé lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, tí kò sẹ́ni tó lè bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe.

Àǹtí mi gbé ṣíbí sílẹ̀. "Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan. Kí ẹnikẹ́ni má pariwo."

Màmá mi pariwo lójú ẹsẹ̀. "Ẹ lóyún!"

"Pẹ̀lú ewú orí mi yìí? Jókòó jàre."

Ló bá sọ gbogbo ẹ̀: ọ̀fìnkìn, páálí, imú Tínrín, sódà, àtẹ́wọ́. Tó sọ ọ́ tán, ó ní, "Ohun tí mo ṣe yẹn ò dáa."

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Ìyẹn nìkan? Àǹtí, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún yín. Níbi tí àwa ti ń kó ẹrù, tí páálí bá já bọ́ lọ́wọ́ wa, abẹ́ pátápátá la máa ń gbé e sí, ká tó to èyí tó kù lé e lórí. Eré ìdárayá là ń pè é. Kò sẹ́ni tó ń pe ìyẹn ní ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Lókè lọ́dọ̀ tiyín, wọ́n lè fajú ro. Kálukú àti òfin ibi tó wà. Kò sí nǹkan kan tó ń jẹ́ 'kò dáa' tó kàn dá dúró lójú ọ̀nà."

Àǹtí mi wò mí. "Ọkùnrin tó ta ṣájà fún ẹ lóṣù tó kọjá ńkọ́? Èyí tó jó lọ́jọ́ kejì?"

"Olè ni! Olè pọ́ńbélé! Ọjọ́ tí mo bá rí i—"

"Rárá o. Ní ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀, òfin ibẹ̀ nìyẹn. Eré ìdárayá ni wọ́n ń pè é."

Màmá mi rẹ́rìn-ín débi pé ìrẹsì fẹ́ẹ́ gba imú ẹ̀ jáde. Mo ní ọ̀rọ̀ ṣájà yàtọ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí pé báwo ló ṣe yàtọ̀, inú mi sì dùn pé wọn ò bi mí.

Màmá mi nu ẹnu. "Ẹ má dá a lóhùn, Àǹtí mi. Ẹ gbọ́ tèmi. Ọkàn yín ló kàn ń já. 'Kò dáa' tẹ́ ẹ̀ ń sọ yẹn, 'yéè!' ni, ẹ kàn wọ aṣọ fún un ni. Àwọn oníbàárà mi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní irun tí lágbájá gẹ̀ ò dáa, ìwà ìbàjẹ́ ni. Ìwà ìbàjẹ́ wo? Wọn ò fẹ́ràn ẹ̀ ni. Ẹ sinmi ọjọ́ méjì, ẹ sùn dáadáa, ọkàn á balẹ̀, 'kò dáa' yẹn á sì bá a lọ."

"Ó ti balẹ̀," ni àǹtí mi wí.

"Ẹn?"

"Ọkàn mi ti balẹ̀ láti Tọ́sìdé. Bi Tíṣà. Mò ń jó. Mo sùn bí ọmọ ọwọ́, mo jẹun, inú mi dùn. Kò sí jíjá kankan. Mo wá jókòó lánàá, mò ń sin ìlẹ̀kẹ̀ mi, mo wo ọ̀rọ̀ yẹn báyìí, ó ṣì wà níbẹ̀. Kò dáa. Bí ìgbà tí ọ̀fìnkìn mú mi ni. Mi ò gbọ́ adùn ṣúgà, àmọ́ ṣúgà ò jáde kúrò nínú bisikíìtì."

Màmá mi kàn bu ìrẹsì sẹ́nu. Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ màmá mi, ẹ ò lè mọ bí ìyẹn ṣe ṣọ̀wọ́n tó.

Tíṣà ti dìde. Ó ti mú ṣọ́ọ̀kì. Ó kọ 2 + 2 = 4 sára pátákó, gàdàgbà. "Tí gbogbo yín bá jáde kúrò nínú yàrá yìí," ó ní, "ṣé á di márùn-ún? Tí ẹ bá ń sunkún, ṣé á di márùn-ún? Tí ẹ bá kó lọ sílùú míì? Ohun tí kò dáa, kò dáa. Ó parí."

"Ẹ ṣeun, Tíṣà," ni àǹtí mi wí. "Ẹ̀yin náà gbà pé ohun tí mo ṣe ò dáa."

"Kò dáa rárá."

"Mo máa lọ sọ fún Máníjà láàárọ̀ ọ̀la nìyẹn."

Ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ Tíṣà. "Dúró ná."

"Kí ló dé? Ṣé ó ti di márùn-ún ni?"

Ẹ̀rín pa mí! Tíṣà jókòó, ó ń fi ìnujú nu iwájú orí, kì í sì í ṣe ata lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní, "Ìyàwó mi, àga ọdún mọ́kàndínlógún ni. Wọ́n á gbà á. Ta ló sì farapa? Sọ ẹnì kan fún mi. Bisikíìtì dáa, àwọn tó jẹ ẹ́ wà láàyè, iléeṣẹ́ ò pàdánù nǹkan kan. Ta ló farapa?"

Àǹtí mi fi ṣíbí ro oúnjẹ rẹ̀ tí kò ní ata. "Mi ò mọ̀," ó ní. "Ìyẹn ló ń dà mí láàmú. Nígbà míì tí mo bá tọ́ nǹkan wò, mo máa ń mọ̀ pé ó ti yí, kí n tó mọ̀ bóyá iyọ̀ ni àbí òróró. Bó ṣe rí nìyẹn. Mo mọ̀ pé ó yí. Mi ò tíì mọ ibi tó ti yí." Ó wá wo Tíṣà. "Mo fẹ́ràn àga yẹn o. Kẹ́ ẹ má rò pé mi ò fẹ́ràn ẹ̀. Mi ò mọ ohun tí mo máa fi ara mi ṣe tí wọ́n bá gbà á."

A jẹ èyí tó kù tán, èmi àti màmá mi sì lọ sílé.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, kí n tó wọ ìbọ̀wọ́ tán, wọ́n ti ránṣẹ́ pè mí lókè. Máníjà ní kí n kó agolo wá láti sítọ́ọ̀ tútù. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé: gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yan bisikíìtì, wọ́n máa ń mú díẹ̀ sínú agolo, wọ́n á kọ déètì sí i lára, wọ́n á fi pa mọ́ fóṣù mẹ́fà, nítorí ẹni tó bá fẹ́ wá jà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń yan án lójúmọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án, agolo mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Mo tò wọ́n sórí kẹ̀kẹ́ ọlọ́wọ́, mo tì í wọ ọ́fíìsì.

Máníjà wa jẹ́ ọkùnrin kan tó sanra, tó máa ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bíi pé ẹnì kan ń sùn nínú yàrá. Ìwé òfin wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Àǹtí mi ti sọ tẹnu ẹ̀ fún un, ó dúró níwájú tábìlì pẹ̀lú ẹ̀wù funfun rẹ̀. Tínrín jókòó sí igun, kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

"Kí èékánná má gùn," ni Máníjà ń kà. "Kí lọ́fínńdà má sí lára. Kí wọ́n má jẹ ata. Kí wọ́n má mu sìgá. Mọ̀mí, ọ̀fìnkìn ò sí níbí. Pẹ̀lú ìwé yìí, ẹ ò ṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni."

"Ẹni tó kọ ìwé yẹn, ọ̀fìnkìn ò mú un lọ́jọ́ tó ń kọ ọ́ ni, sà."

"Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ báyẹn, ẹ dákun. Tí mo bá kọ ọ́, ó máa lọ sókè lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá àgbà o. Tó bá dókè, mi ò mọ bí wọ́n ṣe máa ṣe é."

"Ẹ kọ ọ́, sà."

Máníjà mí kanlẹ̀. Ó ní kó kọ́kọ́ tọ́ àwọn agolo yẹn wò, ká mọ ibi tá a wà. Àǹtí mi jókòó. Mo ń ṣí agolo, mò ń gbé e fún un. Ẹ wò ó, mo ti ń bá obìnrin yìí jẹun látìgbà tí mi ò tíì ní eyín, àmọ́ mi ò rí i rí lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Á dijú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á lọ, á padà. Á tu ú. "Ó dáa." Omi. Òmíì. "Ó dáa." Omi. A lo wákàtí kan àbọ̀. Nígbà tó kan agolo kejì ti ọjọ́ kẹrin, ó tu ú kíákíá. "Sódà." Ìyẹn náà wà nínú ìwé bẹ́ẹ̀. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n dáa, ọ̀kan ò dáa, ó bá ìwé mu láìyẹ̀.

Máníjà gbàgbé ohùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ẹ̀, ó fẹ́ẹ́ pariwo. "Ẹ rí i! Kò sí àṣìṣe kan ṣoṣo! Ó dáa!"

"Bisikíìtì ló dáa, sà," ni àǹtí mi wí. "Mi ò fìgbà kan sọ pé bisikíìtì ò dáa."

"Kí ló wá kù?"

Àǹtí mi dìde, ó yíjú sí igun. "Tínrín, ahọ́n mi ò ṣiṣẹ́ láwọn ọjọ́ yẹn. Imú ẹ ni mò ń wò. Tó bá fún pọ̀, mo mọ̀ pé kò dáa. Tí kò bá fún pọ̀, mo fagi."

Tínrín fọwọ́ kan imú ẹ̀. "Imú mi?"

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án."

"Sódà ńkọ́? Tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún yín lé lórí?"

"Ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Mo gba àtẹ́wọ́ yẹn, mo sì mọ̀ pé tìẹ ni."

Ẹ gbọ́, ọmọ tí mi ò gbọ́ ohùn ẹ̀ fún ọdún mẹ́rin dìde dúró, ó ki ọwọ́ bọ àpò ẹ̀wù funfun, ó fa ìwé kan yọ tó ká sí mẹ́rin, ó ṣí i. "Ẹ wò ó. Fọ́ọ̀mù ni. Mo ti kọ ọ́ láti Fúráìdé pé kí wọ́n gbé mi lọ síbi tí wọ́n ti ń di páálí. Ọdún mẹ́rin, ẹnì kan ò bi mí rí pé, 'Tínrín, kí lo tọ́ wò?' Mo ní ó ní láti jẹ́ pé ahọ́n tèmi ò wúlò. Mo ní kí n kúkú lọ máa fi téèpù di páálí. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni mò ń sunkún. Àṣé èmi ni mò ń ṣe gbogbo ẹ̀! Mọ̀mí, tí ẹ bá ti bi mí ni! Ẹ kàn bi mí!"

Àǹtí mi jókòó sórí àga Máníjà, kò tiẹ̀ mọ̀ pé àga ọ̀gá ni. Ó wo fọ́ọ̀mù yẹn. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bíi pé ó ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀: "Ibẹ̀ ló ti yí."

Máníjà ò mọ ohun tó ń sọ. Èmi mọ̀. Ká má parọ́, ó bá mi. Gbogbo ẹnu tí mò ń là ní Sọ́ńdè, gbogbo wa tá a jókòó yí tábìlì ká, à ń bèèrè pé ta ló farapa, mi ò tiẹ̀ rántí pé ẹnì kan máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àǹtí mi lẹ́nu iṣẹ́.

"Má bínú," ni àǹtí mi wí.

"Mo máa bínú o! Mo máa bínú títí di òpin ọ̀sẹ̀ yìí!"

"Bínú. Ó tọ́ sí ọ."

"Ẹ má sọ fún mi pé ó tọ́ sí mi, kí n má bàa dẹ́kun!"

"Ẹ rọra, ẹ rọra," ni Máníjà ń wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó mú bírò, ó ń kọ. Ó fa fọ́ọ̀mù yẹn lọ́wọ́ Tínrín, ó ya á, ó sì sọ ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí.

Lẹ́tà lọ sókè. Ọjọ́ mọ́kànlá la fi dúró. Wọ́n ní kí àǹtí mi má tíì dé orí àga títí èsì á fi dé, ló bá wà nílé. Ó fọ gbogbo ẹ̀wù funfun ẹ̀, ó lọ̀ wọ́n, ó tún fọ èyí tí kò dọ̀tí. Ó jẹ ata lọ́jọ́ Túsìdé! Tíṣà pè mí lórí fóònù torí ẹ̀: "Ó bu ọbẹ̀ nínú ìkòkò tèmi." Ẹ̀rù ń bà á bíi pé ìyàwó ẹ̀ ti fẹ́ kó jáde. Màmá mi lọ bá a dirun lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì padà wálé, ó ní, "Ó wà dáadáa. Kò sunkún. Mi ò mọ ohun tó ń ṣe é." Màmá mi máa ń fẹ́ kí èèyàn sunkún kó lè mọ ibi tó wà.

Lọ́jọ́ kejìlá, èmi ni mo mú lẹ́tà lọ sílé fún un. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ṣí i, ó kà á. Ó tún un kà. Mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n ní láti Mọ́ńdè, Tínrín ni olórí, àǹtí mi ni igbákejì. Wọ́n ní òfin tuntun: ẹni tí ọ̀fìnkìn bá mú kó sọ ọ́, kó jókòó sílé, kò sí ẹ̀sùn, àga rẹ̀ á wà níbẹ̀. Wọ́n ní láti ìsinsìnyí lọ, olórí àti igbákejì gbọ́dọ̀ fagi sínú ìwé.

Inú bí mi burúkú. "Ṣé orí wọn pé? Ẹ̀yin fúnra yín lẹ fẹnu yín sọ ọ́! Tẹ́ ẹ bá ti panu mọ́, ta ni ì bá mọ̀? Àwọn wo ni wọ́n jókòó sókè yẹn?"

"Ó dáa," ni àǹtí mi wí.

"Kí ló dáa níbẹ̀? Ṣé ó dùn mọ́ yín nínú ni?"

"Kò dùn mọ́ mi nínú rárá. Ó dùn mí. Mo ní ó dáa."

Ó gba lẹ́tà ẹ̀, ó ká a, ó ní kí n wọlé wá jẹun, pé ojú mi ti pọ́n.

Nígbà tó di Mọ́ńdè, mo wá irọ́ kan pa fún fọ́máànù, mo gorí àtẹ̀gùn lọ sókè. Mo fẹ́ rí bó ṣe máa jókòó sápá òsì. Kò sí apá òsì mọ́. Tínrín ti pa gbogbo ẹ̀ dà. Ó ti gbé àga méjèèjì kẹ́yìn síra wọn, tí ẹnikẹ́ni ò lè rí imú ẹnikẹ́ni. Ó sì ti kọ́ ohùn tuntun. "Mọ̀mí, ẹ fagi tiyín kẹ́ ẹ tó yíjú o. Mi ò fẹ́ ká máa wojú ara wa."

"Mo ti gbọ́, Ọ̀gá."

"Ẹ má pè mí lọ́gàá jàre."

Wọ́n gbé àwo àkọ́kọ́ wá. Wọ́n gé e jẹ, wọ́n rún un, wọ́n tu ú. Wọ́n fagi. Wọ́n yíjú, wọ́n gbé ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Tínrín fagi sábẹ́ "Ó dáa". Àǹtí mi fagi sábẹ́ "Kò dáa".

"Bọ́tà ẹ̀ ti fẹ́ẹ́ yí," ni àǹtí mi wí.

"Kò yí, Mọ̀mí. Bọ́tà tuntun ni, bó ṣe máa ń rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn."

"Mo mọ bọ́tà tuntun kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn."

"Ẹ sì mọ̀ ọ́n lóòótọ́, àmọ́ ẹ tún èyí tọ́ wò."

Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ bisikíìtì wò ní yàrá kejì yọjú, ó ní ẹ̀rọ òun ní kò sí wàhálà. Àwọn méjèèjì sọ lẹ́ẹ̀kan náà pé àwọn ò bi í. Ó padà wọlé. Wọ́n ní kí wọ́n gbé àwo míì wá látinú iná kan náà. Wọ́n tọ́ ọ wò. Tínrín ní ó ku díẹ̀ kóun gbà, àmọ́ òun ò tíì gbà. Àǹtí mi ní bóyá kì í ṣe bọ́tà, bóyá mílíìkì ni, kó tún wá a lọ. Mo wo ojú ẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún, ẹnì kan ò bá a jiyàn rí lórí àga yẹn. Ojú ẹ̀ ń tàn bíi ti ọmọ tó rí ẹni bá ṣeré.

Àwọn awakọ̀ ti ń fọn fèrè nísàlẹ̀. Mo sáré sọ̀ kalẹ̀, mo sọ fún wọn pé kí wọ́n ní sùúrù, pé àwọn tó wà lókè ò tíì fẹnu kò. Mo gun orí kẹ̀kẹ́ agbẹ́rù mi, mo pa iná ẹ̀, mo nasẹ̀. Àwo kẹta ń kọjá lọ sókè.